Mo Sọ fún Ẹ̀rọ Pé Ara Mi Le

Ẹ̀yin tí dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé ẹ̀jẹ̀ yín ń ru, tàbí pé apá kan ara yín ti kú, ẹ fìdí kalẹ̀ kí n bá yín sọ̀rọ̀. Èmi Ràjí aránfìlà, ọmọ Ọ̀fà, tí mo ní ṣọ́ọ̀bù ní ọjà Kẹńyátà nílùú Ẹnúgu, ni mò ń kọ èyí. Ọwọ́ ọ̀tún mi tó kú tẹ́lẹ̀ náà ni mo fi ń kọ ọ́, nítorí náà bí lẹ́tà bá wọ́ díẹ̀, ẹ má bínú. Ìwé mẹ́rin péré ni mo kà. Olùkọ́ wa ló ní irọ́ tí mo mọ̀ ti ju ohun tí òun lè kọ́ mi lọ. Gbogbo ẹni tó mọ̀ mí ló mọ̀ pé mo máa ń fi iyọ̀ sí ọ̀rọ̀. Iyọ̀ inú èyí kò pọ̀, torí dókítà ti ní kí n dín iyọ̀ kù.

Abẹ́rẹ́ ló kọ́kọ́ ta mí lólobó. Mò ń rán fìlà abetíajá kan lọ́wọ́, abẹ́rẹ́ bọ́. Mo ṣà á, ó tún bọ́. Mo bú u, mo mú òmíràn, òun náà bọ́. Ó wá ń ṣe mí bí ẹni pé èèrà ń tò kọjá lábẹ́ awọ ìka mi. Mo ní àárẹ̀ ni. Lọ́jọ́ kejì, èèrà náà ti dé èjìká. Nígbà tó yá, ògì tí mo ń mu bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹ̀gbẹ́ ẹnu dà sí mi láyà, èmi ò sì mọ̀. Èjíkè, ọmọ Íbò tó ń ta òwú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ló wò mí tó ní, "Àlàájì, ó dà bíi pé ẹnu rẹ fẹ́ lọ sí Ọ̀níchà, ó ti kọjú síbẹ̀."

Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni ẹ̀rín náà gbà jáde. Kí n tó rẹ́rìn-ín tán, mo ti wà nílẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń tì mí sínú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ẹnìkan tí a jọ ń kírun ní mọ́ṣáláṣí bẹ̀rẹ̀ mọ́ mi lójú, ó ní, "Bàbá, ṣé àlàáfíà ni?" Ẹsẹ̀ mi kan wà níta, itọ́ ń dà lẹ́nu mi, fìlà mi wà lọ́wọ́ Èjíkè. Mo ní, "A dúpẹ́."

Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn. Mo ń padà bọ̀ wá síbẹ̀.

Ní ọsibítù ńlá, orí àga gígùn ni wọ́n gbé mi jókòó sí. Ìyàwó mi, Ìyá Wàsíù, ń sáré láti ojú fèrèsé tí wọ́n ti ń gba káàdì lọ sí ojú fèrèsé tí wọ́n ti ń sanwó, wọ́n á ní kó padà síbi tó ti ń bọ̀. Ìlà náà gùn débi pé mo rí ọkùnrin kan tó tò sí i pẹ̀lú irun dúdú, ewú ló gbé jáde. Irọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù tó bà mí lórí àga yẹn kì í ṣe irọ́. Ọwọ́ ọ̀tún mi wà lórí itan mi bí ọwọ́ ẹlòmíì tí wọ́n ní kí n bá wọn mú dání. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni mo mọ̀ láyé, ọwọ́ yẹn ló sì mọ̀ ọ́n. Obìnrin kan tó ti wà níbẹ̀ láti ìdájí pẹ̀lú ìyá rẹ̀ rí bí itọ́ ṣe ń dà lẹ́nu mi, ó ní kí n kọjá síwájú àwọn. Ibikíbi tó bá wà, kí Ọlọ́run má jẹ́ kó rí irú ìlà bẹ́ẹ̀ mọ́.

Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ló dì nínú orí mi tó dí ọ̀nà. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tí n kò mọ̀ pé mo ní ló fà á. Ó fún mi ní oògùn tí mo gbọ́dọ̀ máa lò lójoojúmọ́. Ó wo ojú mi, ó ní, "Bàbá, tí ẹ bá fi oògùn yìí sílẹ̀, ó lè padà wá. Tó bá padà wá, ó lè mú ẹnu yín lọ, ó sì lè mú ẹ̀yin fúnra yín." Ìyá Wàsíù ta ọ̀kan nínú ẹ̀rọ ìránṣọ mi ká tó rí nǹkan fi gbéra níbẹ̀.

Wọ́n wá fi mí ránṣẹ́ sí ọsibítù kékeré kan ní apá Idaw River, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tí apá àti ẹsẹ̀ wọn ti kú láti tún máa lò wọ́n. Ibẹ̀ ni mo ti pàdé Ádà.

Ádà kì í ṣe èèyàn. Róbọ́ọ̀tì ni. Orúkọ tí àwọn Íbò ń fún àkọ́bí wọn obìnrin ni àwọn nọ́ọ̀sì sọ ọ́. Ó ga tó ọmọdé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lọ sí sẹ́kọ́ńdírì, ó funfun bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀, orí rẹ̀ rí róbótó, táyà kéékèèké ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Apá rẹ̀ méjèèjì rọ̀ bíi tìmùtìmù, ṣùgbọ́n ó lè gbé mi dìde lórí bẹ́ẹ̀dì bí ẹni gbé ìrọ̀rí. Gíláàsì kan wà láyà rẹ̀. Bí aláìsàn bá dá a lóhùn pé ara òun le, gíláàsì náà á tàn ní àwọ̀ ewé. Bó bá ní ara kò le, á pọ́n, nọ́ọ̀sì á sì sáré wá. Ọ̀gá dókítà tó ni ilé ìwòsàn náà ló gbé e wá láti òkè òkun. Gẹ̀ẹ́sì ló ń sọ, ó ń gba imú sọ ọ́.

Àwọn nọ́ọ̀sì kò fohùn ṣọ̀kan lórí rẹ̀. Nọ́ọ̀sì Chíọ̀mà, ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́, fẹ́ràn rẹ̀ bí àbúrò. Ẹ̀yìn ti ń dun Chíọ̀mà látàrí gbígbé àwọn bí èmi sókè sódò, láti ìgbà tí Ádà sì ti dé, ó ti ń nàró rìn. Sísítà Ùchẹ, àgbà inú wọn, obìnrin tó sanra tí bàtà rẹ̀ kì í dún, kò fẹ́ rí Ádà sójú. Bó bá fẹ́ pààrọ̀ aṣọ fún aláìsàn, aṣọ ló máa fi bo ojú Ádà.

"Sísítà, ṣebí ó ń ràn wá lọ́wọ́ ni," Chíọ̀mà á ní.

"Ó ń ràn ọ́ lọ́wọ́ láti tètè padà sílé bàbá ẹ. Lọ́jọ́ tó bá mọ abẹ́rẹ́ gún, ọ̀gá á ní kí èmi àti ìwọ lọ máa ta ọ̀kpa."

"Ọ̀kpa tiyín á dùn. Èmi ni màá kọ́kọ́ rà á."

"Màá tà á fún ọ láìsí epo."

Ọ̀kpa ni mọ́ínmọ́ín àwọn ará Ẹnúgu. Pidgin ni gbogbo wa jọ ń sọ níbẹ̀. Mo kàn ń fi Yorùbá kọ ọ́ kó lè dùn ún kà ni.

Kí Ádà tó dé, Sísítà Ùchẹ ló máa ń fún àwọn aláìsàn lóògùn lówùúrọ̀. Wọ́n ní kì í kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ èèyàn bọ̀rọ̀. Á ní kóo la ẹnu, kóo gbé ahọ́n sókè, á wá yọjú wo abẹ́ rẹ̀ bí ẹni ń wá yẹtí tó bọ́. Nígbà tí mo dé, Ádà ni wọ́n ti gbé iṣẹ́ yẹn fún, àti bíbéèrè bí ara ṣe rí. Sísítà kò dárí jì wọ́n.

Èmi fẹ́ràn Ádà ní tèmi, torí òun nìkan ni kì í pè mí ní òpùrọ́ ní gbogbo Ẹnúgu. Á mú ọwọ́ ọ̀tún mi sínú ọwọ́ rẹ̀ tó rọ̀, á ṣí i, á pa á dé, kì í sú u. Mo máa ń fi ìtàn san án fún un. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti fìlà kan tí mo rán tó fúyẹ́ débi pé afẹ́fẹ́ gbé e ní Kẹńyátà, kò sọ ọ́ kalẹ̀ àfi ní Adágún Níkẹ̀. Bí mo ṣe débẹ̀, ẹja kan dé fìlà náà jáde látinú omi, ó ti gẹ̀ ẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ó ní fìlà náà bá òun mu, èló ni.

"Ìtàn yẹn dùn, Papa," Ádà á ní. "Ẹ jẹ́ ká tún ṣí ọwọ́."

Ẹnu ọ̀nà ni Sísítà Ùchẹ máa ń dúró sí bí ẹni tí kò gbọ́. Lọ́jọ́ kan ó ní, "Papa, epìyà ni lánàá. Báwo ló ṣe di ẹja àrọ̀ lónìí?"

"Sísítà, àwọn méjì ni wọ́n jọ ra fìlà."

Báyìí ni a ń bá a lọ títí àtàǹpàkò mi fi mira láàárọ̀ ọjọ́ kan. Kì í ṣe pé Ádà mì í o, èmi ni mo mì í. Ìyá Wàsíù sunkún títí àwọn tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì fi rò pé mo ti kú.

Àbúrò mi Múfú wá dé láti Ọ̀fà. Múfú fẹ́ràn mi, ẹ má ṣì mí gbọ́. Ó gbé ìgò àgbo kan lọ́wọ́, ó gbé omi tí wọ́n fi fọ wàláà, ó wá dúró ó ń wo Ádà tó ń fún mi lọ́wọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ti sọ yín di ọmọ ìṣeré. Ta ló gbọ́ pé ike ń wo àìsàn rí?"

"Ọwọ́ rẹ̀ ti ń mira," ni Ìyá Wàsíù wí.

"Ìka kan? Nílé, wọ́n á mú gbogbo apá náà jí." Ó yíjú sí mi. "Ẹ mu àgbo yìí. Ẹ má jẹ́ kí òun àti oògùn òyìnbó pàdé nínú, wọ́n á jà. Lọ́jọ́ Jímọ̀, màá gbé mọ́tò wá. Bí ọwọ́ yín kò bá tíì lè gbé ife, a ń lọ sílé nìyẹn."

"Dókítà ní kò gbọdọ̀ fi oògùn sílẹ̀."

"Ìyá Wàsíù, èmi ni mo bá a mu ọmú kan náà, kì í ṣe dókítà."

N kò fẹ́ bá Múfú jà, n kò sì fẹ́ bá dókítà jà. Ẹ wá wo ọgbọ́n tí mo dá. Lówùúrọ̀, Ádà á gbé oògùn wá, màá sọ ọ́ sẹ́nu, màá mu omi, màá gbé ọ̀fun sókè sódò. Bó bá ti yíjú, màá fi ọwọ́ òsì tu oògùn jáde, màá tì í bọ inú etí fìlà abetíajá mi. Èmi ni mo rán fìlà yẹn, mo mọ bí etí rẹ̀ ṣe jìn tó.

"Papa, ṣé ẹ ti gbé e mì?"

"Mo ti gbé e mì."

Gíláàsì á tàn ní àwọ̀ ewé. Tó bá kan àgbo, màá mu ún lábẹ́ aṣọ ìbora. Mo rò pé mo ti gbọ́n ju gbogbo wọn lọ.

Lówùúrọ̀ Jímọ̀, orí ló jí mi. Ó ń lù mí bí ẹni pé alágbẹ̀dẹ ṣí ilé iṣẹ́ sínú rẹ̀. Mo la ojú, Ádà méjì ni mo rí. Mo dijú, mo tún là á, wọ́n ṣì jẹ́ méjì. Mo gbìyànjú kí n mi àtàǹpàkò mi, kò dáhùn. Múfú sì wà lójú ọ̀nà. Mo rò ó pé bí mo bá sọ pé ara mi kò yá, Múfú á ní ẹ ò rí i, ọsibítù ti bà á jẹ́, á sì gbé mi lọ. Bí dókítà bá sì yẹ̀ mí wò, wọ́n á rí ohun tó wà ní etí fìlà. Mo lè sọ fún yín pé ìrònú yìí nìkan ló pa mí lẹ́nu mọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun nìkan. Bí wọ́n bá bi ọmọ Yorùbá tó ti dàgbà pé báwo ni ara, ẹnu rẹ̀ á ti dáhùn kí ara tó gbọ́.

"Ẹ káàárọ̀, Papa. Báwo ni ara yín?"

"Fine. We thank God."

"Ṣé orí ń fọ́ yín?"

"Rárá o."

"Ṣé ẹ ti lo oògùn yín?"

"Mo ti lò ó."

Àyà Ádà tàn ní àwọ̀ ewé. Chíọ̀mà yọjú lẹ́nu ọ̀nà, ó rí i, ó sì yára kọjá, torí bàbá kan nínú wọ́ọ̀dù kejì ń já bọ́ lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo fẹ́ pè é padà. Ohùn mi kò jáde tó.

Sísítà Ùchẹ ló wọlé lẹ́yìn náà, aṣọ bẹ́ẹ̀dì ló wá mú. Ó ti fẹ́ jáde kó tó dúró. Ó ní, "Papa, how body?"

"Body dey."

Ó wò mí. Ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ohun tí kì í ṣe. "Sọ ti ẹja yẹn fún mi kí n tó lọ."

Mo bẹ̀rẹ̀. Afẹ́fẹ́ gbé fìlà ní Kẹńyátà. Ó gbé e, ó gbé e, ó dé Adágún Níkẹ̀. Ni mo bá rí... Mo wá ọ̀rọ̀ náà. Mo rí nǹkan náà kedere, mo rí ìpẹ́ rẹ̀, mo rí fìlà lórí rẹ̀, orúkọ rẹ̀ ni kò wá. Mo wá a ní Yorùbá, mo wá a ní Pidgin. Ẹnu mi ṣí sílẹ̀.

"Ṣíbí," mo ní. "Ṣíbí kan ló dé e jáde."

Sísítà kò rẹ́rìn-ín. "Kí ló dé e, Papa?"

"Ṣíbí."

Mo mọ̀ pé kì í ṣe ṣíbí. Òógùn bo gbogbo ara mi. Ó ti ọwọ́ rẹ̀ bọ ọwọ́ ọ̀tún mi, ó ní kí n fún un. N kò lè fún un. Ó fọwọ́ kan iwájú orí mi, fìlà mi ṣí bọ́, gbogbo oògùn tí mo ti tọ́jú sí etí rẹ̀ dà sílẹ̀, wọ́n ń yí lórí símẹ́ńtì títí wọ́n fi kan táyà Ádà. Àyà Ádà ṣì ń tàn ní àwọ̀ ewé.

Sísítà ké sí Chíọ̀mà. Chíọ̀mà sáré wọlé, ó rí oògùn nílẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ lọ sí ẹnu.

"Ìgbà wo lo fọwọ́ kan bàbá yìí kẹ́yìn?"

"Sísítà, àwọ̀ ewé ló tàn."

"Mi ò bi ọ́ ní àwọ̀."

Ìgbà yẹn gan-an ni Múfú wọlé, kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lọ́wọ́ rẹ̀. Sísítà kò kí i. "Ṣé ìwọ lo ni mọ́tò tó wà níta?"

"Èmi ni. Mo wá gbé ẹ̀gbọ́n mi lọ sílé."

"Wàá gbé e. Ọsibítù ńlá ni wàá gbé e lọ, èmi náà ń bá yín lọ. Kí lo fún un mu?"

Múfú wo ilẹ̀, ó wo oògùn tó wà nílẹ̀, ó wò mí. Ojú rẹ̀ yí padà. Ádà ló gbé mi kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì sórí kẹ̀kẹ́ aláìsàn, torí kò sí ẹni tó lè yára gbé mi bẹ́ẹ̀ nínú gbogbo wọn. Sísítà fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn fún un.

Nínú mọ́tò, orí mi wà lórí itan Sísítà. Oorun ń gbé mi lọ, oorun tó dùn, mo sì mọ̀ pé kì í ṣe oorun. Ó gbá mi lẹ́rẹ̀kẹ́. "Papa, má sùn. Afẹ́fẹ́ gbé fìlà rẹ. Ó gbé e dé Níkẹ̀." Ó ń sọ ìtàn mi fún mi, ó ń ṣì í sọ, ó ní pupa ni fìlà náà, mo sì fẹ́ sọ fún un pé àwọ̀ búlúù ni. Mo rò pé ohun tí kò jẹ́ kí n lọ nìyẹn. Múfú ń wa mọ́tò, ó ń sunkún, ó ń bú ara rẹ̀.

Wọ́n dá mi dúró sí ọsibítù ńlá. Wọ́n ní bí a bá tún pẹ́ díẹ̀ sí i, ọ̀rọ̀ á ti yàtọ̀. Fún ìgbà pípẹ́, ohun gbogbo tó ní orúkọ sá fún mi. Mo pe Múfú ní bàtà. Ìyá Wàsíù gbé ọbẹ̀ wá lọ́jọ́ kan, kò ní iyọ̀, ó gbé e síwájú mi, mo wo inú rẹ̀, mo ní, "Ẹja." Ó rọra gbé àwo náà sílẹ̀. Ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ títí ọbẹ̀ fi tutù.

Nígbà tí mo padà sí Idaw River, wọ́n ti gbé Ádà sínú yàrá tí wọ́n ń kó ẹrù sí, wọ́n fi aṣọ bẹ́ẹ̀dì bò ó. Ọ̀gá dókítà pe gbogbo wọn jọ sí wọ́ọ̀dù wa. Sísítà Ùchẹ ní kí wọ́n dá a padà síbi tó ti wá. Ẹ̀rù ba Chíọ̀mà, ṣùgbọ́n ó sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀rọ yẹn kò purọ́. Papa ló purọ́ fún un. Ẹ̀rọ kò mọ ojú òpùrọ́. Àwa la mọ̀ ọ́n, àwa la ò sì wo ojú rẹ̀."

Gbogbo wọn yíjú sí mi. Mo gbé ọwọ́ ọ̀tún mi sókè, bí ó ṣe lè gòkè mọ. Mo ní, "Òótọ́ ló sọ. Ádà ló jí ọwọ́ yìí dìde. Sísítà ló gbà mí lọ́wọ́ ẹnu ara mi. Bí ẹ bá mú ọ̀kan lọ, ta ni màá máa purọ́ fún?"

Sísítà gbọ́ ọ̀rọ̀ mi tán. Ó wá dìde, ó lọ sínú yàrá ẹrù, a gbọ́ táyà tó ń bọ̀. Ó ti ká aṣọ bẹ́ẹ̀dì náà dáadáa sábẹ́ apá. "Kó máa gbé wọn," ó ní. "Kó máa fún wọn lọ́wọ́. Oògùn àti ìbéèrè, èèyàn ni yóò máa ṣe é." Láti ọjọ́ yẹn, bẹ́ẹ̀ ló rí. Ó ṣì ń fi aṣọ bo ojú Ádà bó bá ń pààrọ̀ aṣọ fún wa.

Mo ti padà sí ṣọ́ọ̀bù mi. Mo ń fi ọ̀pá rìn. Abẹ́rẹ́ kì í bọ́ lọ́wọ́ mi mọ́ àfi bí ilẹ̀ bá ṣú. Fìlà mi wọ́ díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo ti sọ fún àwọn oníbàárà pé àrà tuntun ni, wọ́n sì ń rà á. Lówùúrọ̀, Ìyá Wàsíù á fún mi lóògùn, á ní kí n la ẹnu, kí n gbé ahọ́n sókè. Múfú ń pè mí lórí fóònù láti Ọ̀fà, kò bi mí ní nǹkan míì ju pé ṣé mo ti gbé e mì.

Ẹ̀yin tí ẹ wà lórí àga gígùn báyìí, ẹ̀rọ lè bi yín, èèyàn lè bi yín. Ẹ má jẹ́ kí ẹnu yín dáhùn kí ara yín tó gbọ́. Bí ẹ bá sì wá sí Kẹńyátà, tí ẹ bi mí pé ṣé ara le, ẹ wá àga jókòó. Màá sọ fún yín pé àtàǹpàkò mi máa ń le gbagidi bí mo bá jí. Màá sọ pé ojú ọ̀tún mi ń ṣe bàìbàì bí oòrùn bá mú, àti pé lánàá mo wá orúkọ sísọ́ọ̀sì fún ìgbà díẹ̀ kó tó wá. Lẹ́yìn tí mo bá ti sọ gbogbo rẹ̀ tán, màá wá sọ fún yín pé a dúpẹ́.